Jẹ́jẹ́ Ni Orúkọ Rẹ̀

Ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn, orúkọ tí a bá sọ ajá kì í sábà jẹ́ ti ajá náà nìkan. Ẹni tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dalẹ̀ yóò sọ ajá tirẹ̀ ní Ojúlárí, kí ọ̀rẹ́ náà lè máa gbọ́ ọ láràárọ̀ pé ojú ni a rí, ọ̀rẹ́ kò dé inú. Ẹni tí wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú yóò sọ tirẹ̀ ní Tanímọ̀la. Bí a bá bi í léèrè ẹni tó ń bá wí, yóò ní ajá òun lòun ń pè. Nígbà tí a ń kọ́ nípa orúkọ àti ìtumọ̀ rẹ̀ ní yunifásítì, apá ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ajá ni ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Kò pẹ́ tí ó fi dé ilé wa.

Olè ló gbé e dé. Lóru ọjọ́ kan, ẹnìkan fo ògiri ẹ̀yìnkùlé, ó gbé síléńdà gáàsì Màámi lọ, ó sì tú ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú ni Màámi ti ń dá gbé ilé náà. Iṣẹ́ ìwé kíkọ tí mo ń ṣe kò béèrè pé kí n wà ní ojú kan, nítorí náà mo kó ẹrù mi padà sí ọ̀dọ̀ wọn. Màámi ní àwọn fẹ́ ajá. Wọ́n ní àwọn tilẹ̀ ti mọ orúkọ tí yóò máa jẹ́: Ojúlárí ni.

Ẹni tí orúkọ náà ń bá wí kò jìnnà. Ògiri kan ṣoṣo ló pààlà láàárín àwa àti Ìyá Ìbejì. Ó ti tó ọdún méjì tí àwọn àti Màámi ti ń bínú síra wọn nítorí omi gọ́tà tó ń ti ẹ̀yìn balùwẹ̀ wọn ṣàn wá sí iwájú ilé wa. Ìkíni tó kù láàárín wọn kò ju "ẹ káàárọ̀" kan lọ, tó gbẹ bí ewé inú ọyẹ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tó ju ti gọ́tà lọ. Ní ọdún tó ṣáájú, ajá ìgboro kan bu Kẹ́hìndé, ọmọ Ìyá Ìbejì, jẹ ní ojúgun nígbà tí wọ́n rán an lọ ra búrẹ́dì. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà náà. Mo wá kí Màámi lọ́jọ́ yẹn, ó sì ṣojú mi. Àwọn kan ń wá epo pupa, àwọn kan ní kí wọ́n lọ já irun ajá náà wá. Ìyá Ìbejì kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Wọ́n fa ọmọ wọn lọ sí ìdí omi ẹ̀rọ, wọ́n fi ọṣẹ fọ ojú ọgbẹ́ náà lábẹ́ omi tó ń ṣàn fún bí ìṣẹ́jú 15, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ohun tí àwọn oníṣègùn ní kí á ṣe gan-an nìyẹn. Dìgbòlugi kì í ṣe àrùn àwàdà. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára ènìyàn, ikú ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń gbẹ̀yìn rẹ̀ nígbà gbogbo. Abẹ́rẹ́ tí a bá tètè gbà kí àmì tó yọ ló ń gbani. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé nínú 100 ènìyàn tí ó bá mú, ó lè tó 99 tó jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n. Kẹ́hìndé gba gbogbo abẹ́rẹ́ rẹ̀ pé, ọgbẹ́ rẹ̀ sì jinná. Síbẹ̀, bí ajá bá gbó ní òpópónà kejì, yóò ti sá wọ inú yàrá lọ.

Nítorí náà, kí n tó lọ wo ajá kankan, mo kọ́kọ́ lọ sí ilé Ìyá Ìbejì. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà.

"Ẹ káàárọ̀, mà." Mo kúnlẹ̀.

"Káàárọ̀, Àbẹ̀kẹ́. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, mà. Màámi fẹ́ ra ajá ni. Mo ní kí n wá sọ fún yín kí ó tó dé."

Wọ́n wò mí títí. "Ìyá rẹ ló rán ẹ?"

"Rárá, mà."

"Wọ́n mọ̀ pé o wá?"

"Wọn kò mọ̀, mà."

Wọ́n gbé àwo ẹ̀wà náà sílẹ̀. "N kò lè ní kí ẹ má ra ajá sínú ilé yín. Ṣùgbọ́n bí eyín rẹ̀ bá kan ọmọ mi, ìjà gọ́tà yóò di eré láàárín wa."

Ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́kàn mi ní gbogbo ibi tí mo ti ń wá ajá. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní Èkó fẹ́ kí á ra Caucasian, nítorí pé ìrísí rẹ̀ nìkan tó láti lé olè. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ olókè tó tutù ni wọ́n ti mú irú ajá yìí wá. Irun rẹ̀ nípọn bí bùláńkẹ́ẹ̀tì, akọ rẹ̀ sì máa ń wọ̀n tó 50 kílò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ta ni yóò dì í mú nínú ilé wa? Ṣé Màámi tí orúnkún ń dùn ni? Kí ni yóò sì máa jẹ, nígbà tí àwa gan-an ń fi ojú wá ẹran nínú ọbẹ̀? Ẹlòmíràn dárúkọ Alsatian. Ajá ọlọ́gbọ́n ni, n kò jà á níyàn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èyí tí mo rí ní ilé àwọn olówó ni wọ́n sé mọ́ inú àgò irin, tí wọ́n ń yí po lójú kan náà láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Ajá tí kò rí ènìyàn rí kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín olè àti ẹni tó wá ta ẹ̀kọ.

Ní tèmi, ajá ìbílẹ̀ wa, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní Bíńgò yálà ó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ tàbí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀, ló yẹ ilé bí irú tiwa. Irun rẹ̀ kúrú, ó mọ́ oòrùn wa lára, kì í jẹun púpọ̀, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ nǹkan. Nítorí pé ó wọ́pọ̀ ni a ṣe ń fojú kéré rẹ̀. Àwọn ọdẹ tó ń mú un wọ igbó kì í fojú kéré rẹ̀.

Ajá obìnrin kan ní Mọ́níyà bí ọmọ márùn-ún. Wọ́n ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ nígbà tí mo débẹ̀, nítorí kò dára kí a já ọmọ ajá gbà lẹ́nu ọmú ṣáájú ìgbà náà. Ọ̀dọ̀ ìyá àti àwọn arákùnrin rẹ̀ ló ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi eyín ṣeré láìdunni. Ìyá wọn ni mo kọ́kọ́ wò. Ó gbó lẹ́ẹ̀mejì, olówó rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀, ó dákẹ́, ó sì wá gbóòórùn ọwọ́ mi. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn. Nínú àwọn ọmọ, ọ̀kan sá sí kọ̀rọ̀, kò sì jáde títí mo fi lọ. Ọ̀kan ń tẹ àwọn yòókù mọ́lẹ̀ nídìí oúnjẹ. Mo wá jẹ́ kí ìdì kọ́kọ́rọ́ mi jábọ́ sórí sìmẹ́ńtì. Gbogbo wọn fọ́n ká. Ọ̀kan dúró, ó yíjú padà, ó rìn wá, ó ń fi imú tọ́ kọ́kọ́rọ́ náà. Abo ni, ó pupa rúsúrúsú, àyà rẹ̀ funfun díẹ̀. Kò sí ìpin ní ojú rẹ̀, ìdí rẹ̀ mọ́, ikùn rẹ̀ kò sì wú bí ti ọmọ ajá tí aràn kún inú rẹ̀. Owó tí mo san kò tó ìdajì owó àpò ìrẹsì kan.

"Ojúlárí, káàbọ̀," Màámi ní bí mo ti gbé e wọlé.

"Màámi, orúkọ yẹn gùn jù fún ajá."

"Ọ̀nà wo ló gbà gùn? Ṣé ìwọ ni yóò máa jẹ́ ẹ ni?"

Mo ṣàlàyé fún wọn pé ní oṣù àkọ́kọ́, èmi yóò máa pe orúkọ náà nígbà àìmọye lóòjọ́, pẹ̀lú ẹja lọ́wọ́ àti ẹ̀rín lẹ́nu, kí ajá lè mọ̀ pé ire ló wà nídìí rẹ̀. Báwo ni a ó ṣe máa fi ẹ̀rín pe orúkọ tí a fi ń bú ènìyàn? Ìbínú inú rẹ̀ yóò ti tán kí ó tó fo ògiri. Mo ní kí á pè é ní Jẹ́jẹ́. Ó kúrú, ohùn òkè méjèèjì ni, ariwo jẹnẹrétọ̀ kò lè bò ó. Màámi ronú sí i.

"Jẹ́jẹ́," wọ́n ní. "Kí oníkálukú máa ṣe jẹ́jẹ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Yóò gbọ́."

Mo jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Yorùbá ni a fi kọ́ ọ. Wá, jókòó, dúró, fi í sílẹ̀: ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí ni mo kọ sára ilẹ̀kùn ilé ìdáná, mo sì bẹ gbogbo ará ilé pé kí wọ́n má ṣe fi òmíràn rọ́pò wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ti Èkó ń fi Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ fún un nígbà tó wá kí wa, ọmọ ajá kàn ń wò ó bí ẹni tó ń wo tẹlifíṣọ̀n. A máa ń sọ pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Mo gba òwe náà gbọ́, àmọ́ ìbéèrè kan máa ń wá sí mi lọ́kàn: kí ni fèrè náà ti mú wá fún ajá ọ̀hún rí? Bí a bá ń pe ajá wá kí a lè nà án, tàbí kí a lè dè é mọ́lẹ̀, fèrè ọjọ́ kejì kò ní dùn ún gbọ́. N kò pe Jẹ́jẹ́ wá sí ibi ìyà rí. Bí ó bá wá, ẹja ṣáwá gbígbẹ díẹ̀ wà níbẹ̀.

Ti ìgbọ̀nsẹ̀ kò le tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ìta ni à ń gbé e lọ bí ó bá jí, bí ó bá jẹun tán, bí ó bá ṣeré tán, àti lẹ́ẹ̀kan láàárín òru. Bí ó bá tọ̀ níta, à ń yìn ín lójú ẹsẹ̀. Màámi fẹ́ kí á máa ti imú rẹ̀ bọ inú èyí tó bá tọ̀ sínú ilé. Mo ní gbogbo ohun tí yóò kọ́ nínú ìyẹn ni pé kí ó máa tọ̀ sẹ́yìn àga, níbi tí a kò ti ní rí i. Láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó ti ń lọ dúró síwájú ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Ata ni a jà lé lórí pẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ajá tó ń jẹ ata ni yóò rorò. Inú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, kò sí rírorò kankan níbẹ̀. Egungun adìyẹ tí a ti sè náà kò wọ abọ́ rẹ̀, nítorí ó máa ń fọ́ ṣọnṣọ, ó sì lè gún ìfun.

Ohun tó gba ọgbọ́n jù ni abẹ́rẹ́ àti ìgboro. Àkókò tí ọmọ ajá máa ń gba ayé mọ́ra jù parí ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 14. Ohun tí kò bá rí títí di ìgbà náà lè máa dẹ́rù bà á títí ayé, ajá tí ẹ̀rù ń bà ló sì máa ń bu ènìyàn jẹ. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, kì í pé títí yóò fi tó ọ̀sẹ̀ 16, ilẹ̀ ìgboro sì kún fún àrùn parvo tó ń mú kí wọ́n máa bì kí wọ́n sì máa yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀. Dókítà ẹranko tó ń tọ́jú rẹ̀ gbà mí nímọ̀ràn pé kí n gbé e jáde, kí n má sì gbé e kalẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ ni mo gbé e sí. Láràárọ̀ ni mo ń gbé e kọjá lọ́dọ̀ oní-àkàrà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọlọ́kadà, níwájú mọ́ṣáláṣí nígbà tí wọ́n ń pe ìrun, lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí àwọn ọmọ ń pariwo. Àwọn ènìyàn fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dáadáa. Màmá oní-àkàrà tilẹ̀ ń kí mi kú ewu ọmọ. Nígbà tó pé oṣù mẹ́ta ni ó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, wọ́n sì kọ ọjọ́ rẹ̀ sínú káàdì.

Káàdì yẹn ni mo mú lọ fi han Ìyá Ìbejì. Wọ́n kà á níwájú, wọ́n kà á lẹ́yìn, wọ́n ní, "Kẹ́hìndé lè wo ó láti orí ògiri. Kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo kọ́ Kẹ́hìndé pé bí ajá bá ń bọ̀, kí ó má sá, nítorí ohun tó bá ń sá ni ajá máa ń lé. Kí ó dúró bí igi, kí ó ká ọwọ́ mọ́ra, kí ó wo ilẹ̀. Mo kọ́ Jẹ́jẹ́ pé bí ó bá rí Kẹ́hìndé, kí ó jókòó. Bí ó bá jókòó, Kẹ́hìndé yóò ju bisikíìtì kan sílẹ̀ láti orí ògiri. Ọjọ́ mọ́kànlá gbáko ni ọmọ náà fi ju bisikíìtì pẹ̀lú ojú dídì. Táyé, tí ajá kò bù jẹ rí, ti ń yí lórí ilẹ̀ pẹ̀lú Jẹ́jẹ́ nígbà náà. Mo sì ní láti kọ́ òun náà pé bí eyín bá ti kan ọwọ́, eré ti parí, kí ó dìde kí ó sì kẹ́yìn sí i láìsọ̀rọ̀. Eyín ọmọ ajá jẹ́ 28, gbogbo wọn ló sì mú bí abẹ́rẹ́.

Jẹ́jẹ́ ti pé ọmọ ọdún kan àti oṣù díẹ̀ báyìí. Ní oṣù kejì tó kọjá, ní nǹkan bí aago mẹ́ta òru, ó gbó lọ́nà tí n kò gbọ́ rí. Ẹnìkan fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ó sì tún fo ògiri padà. Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ tan iná, àwọn ló kọ́kọ́ pariwo "olè!" Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màámi gbé àkàrà lọ fún wọn. N kò mọ ohun tí wọ́n bá ara wọn sọ, ṣùgbọ́n wọ́n pẹ́ níbẹ̀.

Kẹ́hìndé kò tíì fọwọ́ kan Jẹ́jẹ́. Ó máa ń gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láìsáré, á ká ọwọ́ mọ́ra, Jẹ́jẹ́ á jókòó, á máa wo àpò rẹ̀ nítorí bisikíìtì. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Ìbejì rán an sí mi pé kí n ṣírò ọjọ́ inú káàdì dáadáa, abẹ́rẹ́ ọdún yìí ti fẹ́ tó. Mo wò ó, òótọ́ ni, ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Omi gọ́tà ṣì ń ṣàn wá síwájú ilé wa. Jẹ́jẹ́ fẹ́ràn láti máa mu ún, èmi náà ò sì yéé lé e kúrò níbẹ̀.