Kí O Tó Gba Antibody Gbọ́

Aramọkọ-Èkìtì

Táyọ̀, àbúrò mi,

Màmá wa ní Ìjerò sọ fún mi pé owó antibody tí ẹ fẹ́ rà láti fi dá purotéènì DAXX mọ̀ ti pé. Inú mi dùn púpọ̀. Àmọ́ mo bẹ̀ ọ́, má tíì san án.

Ìwọ náà mọ̀ pé DNA inú sẹ́ẹ̀lì ènìyàn kan ṣoṣo gùn tó mítà méjì, ara purotéènì tí wọ́n ń pè ní histone ló sì wé mọ́ bí òwú lára kẹ̀kẹ́. Bí histone àti DNA bá pàdé lásán, ṣe ni wọ́n máa ń dì mọ́ra wọn gbagidi. Ní 1978, Ron Laskey àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí purotéènì kan nínú ẹyin àkèré Xenopus tí ń gba histone mọ́ra títí yóò fi dé ìdí DNA. Iṣẹ́ yẹn gan-an ni DAXX àti purotéènì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ATRX, ń ṣe fún H3.3, irú histone kan. Ọmọ tí jíìnì ATRX rẹ̀ bá bàjẹ́ láti inú oyún lè ní àìsàn ẹ̀jẹ̀, kí ọpọlọ rẹ̀ má sì dàgbà bó ṣe yẹ. Nítorí náà, n kò lè fojú kékeré wo iṣẹ́ rẹ lórí DAXX láé.

Ìdí tí mo fi ní kí o má tíì sanwó rè é: ara ehoro ni ọ̀pọ̀ antibody ti ń wá. Wọ́n á gún ehoro ní abẹ́rẹ́ purotéènì, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì pèsè ohun tó lè dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n ó lè dá nǹkan mìíràn mọ̀ pẹ̀lú. Ní 2011, àwọn olùwádìí yẹ antibody tó lé ní 200 wò, àwọn tí wọ́n ń lò fún àmì ara histone. Ó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ tó kùnà. DAXX tún ní wàhálà tirẹ̀: ìṣirò ní ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 81 kDa, àmọ́ lórí gel, nǹkan bí 110 ló máa ń dúró sí. Bí o bá rí ilà níbẹ̀, báwo lo ṣe máa mọ̀ pé òun ni? Wá sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti yọ jíìnì DAXX kúrò nínú rẹ̀, kí o gbé e sórí gel lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ. Wọ́n ń ta lysate rẹ̀, ìyẹn omi inú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti fọ́, kò di dandan kí o máa tọ́jú sẹ́ẹ̀lì láàyè. Bí ilà náà bá ṣì yọ, irọ́ ni antibody yẹn ń pa fún ọ.

Bí antibody náà bá dé Èkó, kí wọ́n má gbé e sọ́kọ̀ láìsí áìsì. Láti Iléṣà gba Ẹfọ̀n dé ọ̀dọ̀ rẹ ní Adó jìnnà fún un. Lọ́jọ́ tó bá dé ni kí o pín in sínú ike kéékèèké, kí o kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà lot sí i lára. Kó dì, kó yọ́, kó tún dì, ìyẹn ló ń bà á jẹ́. Èyí tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ glycerol kì í dì ní −20°C. Béèrè fún irú rẹ̀. Bí iná bá lọ, má ṣí fírísà.

Bí owó lysate kò bá sí, kọ̀wé sí mi kíákíá. Òun ni ká kọ́kọ́ wá.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Délé