Orí Yàn, Ẹsẹ̀ Rìn: Yóògà àti Ìpinnu Ọkàn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Òwe yìí kò ṣòro pa. Bí a ó ṣe fi ọwọ́ náà kan ìwà ni ó ṣòro. Gbogbo wa ni a ti rí ẹni tí ó búra ní ọjọ́ kìíní ọdún pé òun yóò yí padà, tí ìpinnu náà sì ti gbó kí oṣù tó lé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọ̀nà kan tí àwọn ará Íńdíà ń gbà ṣe ìpinnu ni mo fẹ́ bá yín sọ, kí a sì fi wé ohun tí ó wà nílé wa.

Yóògà ni mo ń wí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí kò ju kí á na ara, kí á sì ká a bí okùn. Ṣùgbọ́n nínú èdè Sanskrit tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, ọ̀rọ̀ àjàgà ni ó bá tan, ohun tí a fi ń so màlúù méjì pọ̀ kí wọ́n lè jọ ṣiṣẹ́. Nínú ìwé àtijọ́ tí à ń pè ní Yoga Sutra, tí wọ́n ní Patanjali ni ó kọ ọ́, ẹ̀ka mẹ́jọ ni yóògà ní. Ìdúró àti ìjókòó ara, ẹ̀ka kẹta ni. Ìwà ni ó ṣáájú: má ṣe ẹnikẹ́ni léṣe, má purọ́, má jalè, kó ara rẹ níjàánu, má ṣe ojúkòkòrò. Ìmọ́tótó àti ìtẹ́lọ́rùn tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá ti ka ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá kọ ní 1975 lórí ìwàpẹ̀lẹ́ nínú Ifá yóò mọ̀ pé èyí kò ṣàjèjì sí wa.

Ìpinnu ọkàn yìí ni wọ́n ń pè ní sankalpa. Nínú irú yóògà kan tí Swami Satyananda Saraswati fi kọ́ni ní ìpínlẹ̀ Bihar, ènìyàn a dùbúlẹ̀ gbalaja, a mí kanlẹ̀, títí ara yóò fi rọ̀. Nígbà náà ni yóò sọ ìpinnu rẹ̀ nínú ọkàn lẹ́ẹ̀mẹta, ní gbólóhùn kúkúrú kan ṣoṣo, tí kì í yí padà lójoojúmọ́. Kí ni ìdí tí ara fi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rọ̀? Ní Ponyan, ní ilẹ̀ Yàgbà tí a bí mi sí, kò sí àgbẹ̀ tí í ju èbù iṣu sórí ilẹ̀ líle. Yóò kọ ebè ná.

Èmi náà ní ohun tí mo fẹ́ yí padà. "Okun" ni a fi ń kí ara wa nílé, láti inú ìkíni náà ni wọ́n sì ti ń pe Yàgbà, Owé, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀ ní Okun. Nígbà tí mo dé yunifásítì, bí mo bá ti la ẹnu ni àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń béèrè pé irú Yorùbá wo nìyẹn. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹnu mi di ohun tí ó wúwo. Mo lè mọ ìdáhùn kí n má nawọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń ṣe yóògà nínú yàrá wa ni ó ní kí n wá ìpinnu tèmi. Ìpinnu náà nìyí: "Ohùn ilé mi dùn, mo ń sọ ọ́ láìbẹ̀rù." Ní kùtùkùtù ni mo ń dùbúlẹ̀ sọ ọ́ lórí ẹní.

Nígbà tí mo lọ sílé fún ìsinmi, ìyá mi àgbà bá mi lórí ẹní náà, inú wọn kò sì dùn. Láti ìgbà tí Tommy Titcombe ti mú ìyìn rere dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, ọ̀pọ̀ ará ilẹ̀ wa kì í fi ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ṣeré. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé òrìṣà tuntun lo gbà wálé?" Mo ní, "Rárá o, Ìyá, n kò bọ nǹkan kan. Mo ń mú ara dúró jẹ́ẹ́ kí n lè gbọ́ ohun tí mo ń sọ ni." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ó dára. Bí o bá wá dìde lórí ẹní ńkọ́, ta ni o bá sọ̀rọ̀?"

N kò rí èsì fọ̀. Ìbéèrè wọn ni ó jẹ́ kí ohun tí a kọ́ nípa orí yé mi. Yorùbá gbà pé láti ọ̀run ni olúkúlùkù ti yan orí. Àwọn kan a wá ní, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ìpinnu lè ṣe mọ́? Ṣùgbọ́n Ifá kò dá orí nìkan dá a. Ó fi ẹsẹ̀ tì í, èyíinì ni akitiyan. Orí rere tí kò rí ẹsẹ̀ gbé e, ojú kan ni yóò wà. Patanjali pàápàá sọ pé ohun méjì ni ó ń mú ọkàn rọlẹ̀: ìṣe lemọ́lemọ́ àti jíjáwọ́ nínú ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́. Kò sọ pé gbólóhùn nìkan tó. Àwọn àgbà wa tí wọ́n ń fọwọ́ kan orí wúre ní àárọ̀, oko ni wọ́n ń gbà lọ lẹ́yìn náà.

Nígbà tí mo padà sí ilé-ẹ̀kọ́, mo fi ẹsẹ̀ kún un. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo kọ́kọ́ ń sọ ní kíláàsì. Kò pẹ́ tí mo fi dìde ka iṣẹ́ mi lórí ìkíni Okun. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan sì wá bá mi lẹ́yìn náà pé kí n kọ́ òun ní ìkíni náà. Ẹ̀rín kò tíì tán, ṣùgbọ́n n kò dúró dè é mọ́ kí n tó sọ̀rọ̀.

N kò ní kí gbogbo wa di oníyóògà. Lóòótọ́, inú ẹ̀sìn àwọn ará Íńdíà ni ó ti dàgbà, ẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò bá sì gbà á, kí ó má ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ronú. Láti 2015 ni gbogbo ayé ti ń ṣe ọjọ́ yóògà ní 21 oṣù kẹfà. Ní 2016 ni UNESCO kọ yóògà sínú ìwé ogún àwọn ènìyàn àgbáyé, bẹ́ẹ̀ ni Ifá tiwa sì ti wà nínú ìwé kan náà láti 2008. Àwọn ará Íńdíà ń fi tiwọn tún ìwà ṣe lójoojúmọ́. Àwa ń fi tiwa ṣe ìdánwò.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹni tí ó bá fẹ́ yí padà, kí ó mú ìpinnu kan ṣoṣo. Kí ó sọ ọ́ ní èdè tí ìyá rẹ̀ fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Kí ó sọ ọ́ nígbà tí ara bá rọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó ká ẹní, kí ó dìde, kí ó sì máa rìn. Orí wa kò ní kọ̀, ẹsẹ̀ wa kò sì ní rẹ̀ o. Àṣẹ.