Mo Kọ́ Ọkọ Mi ní Ìbọn Yínyìn

 Mo mọ̀ pé bí àwọn kan nínú yín ti rí àkọlé ọ̀rọ̀ mi, wọn yóò ti máa wí pé, "Irú kí ni èyí? Ta ni ó gbọ́ ọ rí pé ìyàwó ń kọ́ ọkọ ní ìbọn?" Ẹ fara balẹ̀. Kì í ṣe ìbọn ogun, kì í sì í ṣe ìbọn ìjà. Ìbọn afẹ́fẹ́ ni, irú èyí tí a fi ń lé ẹyẹ lóko. Ìwé tí a lẹ̀ mọ́ pátákó ni àwa sì ń yìn ín sí, kì í ṣe ohun ẹlẹ́mìí.

Ìgbájọ ni ilé wa. Ọmọ ọdẹ ni mí. Bàbá mi kò bí ọmọkùnrin títí mo fi tó ọmọ ọdún méjìlá, nítorí náà èmi ni mo máa ń bá a gbé àpò lọ sóko, ọwọ́ rẹ̀ ni mo sì ti mọ ohun tí mo mọ̀ nípa ìbọn. Ọmọ Ìgbájọ ni ọkọ mi náà, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, kálàmù ni ó sì fi jẹun títí ó fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí a padà wá sílé, àwọn ọmọ ti lọ sí ilé ọkọ àti ẹnu iṣẹ́ wọn. Ó wá ku èmi, òun, àti ìyá rẹ̀ tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dé irú ipò bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Ilé a máa dákẹ́. Ọkùnrin tí ó ti fi ọdún márùndínlógójì jí lọ síbi iṣẹ́ yóò jókòó ti rédíò láti òwúrọ̀. Bí ẹ bá bi í ní ọ̀rọ̀ méjì, ọ̀kan ni yóò dáhùn. Mo rí i pé bí n kò bá wá ohun kan tí àwa méjèèjì yóò jọ máa ṣe, a ó kàn máa gbé inú ilé bí ayálégbé méjì ni. Mo dá a lábàá pé kí a wá máa ta àmì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá Bọ́lá, ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di ọdẹ lọ́jọ́ alẹ́ ni?" Ṣùgbọ́n kò ní òun kò ṣe.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ ti òfin. Òfin ohun ìjà ti ọdún 1959 ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn ìbọn tí ènìyàn kò gbọdọ̀ ní láìgba ìwé àṣẹ. Ẹni tí kò tí ì pé ọmọ ọdún 17 kò lè gbà á, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa àti ẹni tí ọtí ń pa. Àwa méjèèjì gba tiwa kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé nǹkan ìṣeré ni. Àwọn àgbà wa ti béèrè tipẹ́ pé, ìbọn ní apátí, ìbọn kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ọ́ sí òun?

Ìbọn kì í kúkú ṣe àjèjì ní agbègbè wa. Ẹ̀bá Ìgbájọ níhìn-ín ni àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn tẹ̀dó sí nígbà ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí a kò sì tú ibùdó rẹ̀ ká títí di 1893. Ìró ìbọn ni wọ́n ní ó fún ogun náà ní orúkọ. Ní ibùdó yìí ni Ààrẹ Látòósà kú sí ní 1885. Àwọn Èkìtìparapọ̀ wà ní apá Ìmèsí-Ilé, àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà l'Ékòó sì ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí wọn, èyí tí a ń ki láti ìdí. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ṣakabùlà tí a ń fi ẹ̀tù kì láti ẹnu a máa ṣẹ́ iná sójú ẹni tí ó ń yìn ín, nítorí náà ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa yìn ín láti ìbàdí. Ìbọn tí ìdí rẹ̀ pa dé ni ènìyàn lè gbé sí èjìká, kí ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé e, kí ó sì wo ohun tí ó fẹ́ ta. Ìgbà náà ni ìdúró di ẹ̀kọ́.

Ìdúró ni a sì fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, n kò fi ọta sínú ìbọn rárá. Ọkọ mi dojú kọ pátákó gan-an, ó tẹ orúnkún méjèèjì, ó na ọwọ́ gbọọrọ síwájú bí ọlọ́pàá inú fíìmù. Mo ní kí ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì kọ àmì, kí ẹsẹ̀ méjèèjì jìnnà síra bí èjìká ti fẹ̀ tó, kí ìwúwo ara sì pín sórí méjèèjì bákan náà. Ìbọn ọdẹ tí ó ń tì ènìyàn sẹ́yìn ni a ń tẹ̀ síwájú fún. Ìbọn afẹ́fẹ́ kò ní agbára bẹ́ẹ̀, nítorí náà a lè fà sẹ́yìn díẹ̀ kí egungun gbé e dípò iṣan. Ìgbọ̀nwọ́ òsì yóò jókòó sórí egungun ìbàdí. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn mọ́ mi, nítorí pé obìnrin tí ó ti gbé ọmọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rí kò nílò olùkọ́ fún èyí: ìbàdí yóò yọ síta fúnra rẹ̀. Ọkùnrin ni a óò máa bẹ̀ kí ó yọ ọ́. Lẹ́yìn náà, orí yóò wà lóòró bí ẹni tí ó ru omi. Ìbọn ni a ń gbé wá bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, a kì í tẹ orí lọ bá ìbọn.

Bàbá mi ní ọ̀nà kan tí ó fi ń dán ìdúró wò. Bí ẹ bá ti dúró tán, ẹ di ojú, ẹ mí lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì la ojú. Bí ẹnu ìbọn bá ti yà kúrò lójú àmì, ẹ má ṣe fi ọwọ́ fà á padà. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ sún. Ọwọ́ tí ó ń fa ìbọn yóò rẹ̀, yóò sì tú u sílẹ̀ ní ìgbà tí ó burú jù.

Ohun tí ó ṣòro jù fún mi kì í ṣe ìbọn. Ohùn ni. Mo dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, n kò dúró síwájú. Ohun kan ṣoṣo ni mo ń tọ́ka sí lóòjọ́. N kò sì jẹ́ kí àwọn ọmọ àdúgbò wá wòran. Mo dúpẹ́ pé èdè wa fún wa ní "ẹ." "Ẹ sún ẹsẹ̀ òtún sẹ́yìn díẹ̀": àṣẹ ni, ṣùgbọ́n ó wọ aṣọ.

A gbé pátákó sí iwájú àpò iyanrìn ní ìdí ògiri amọ̀, ní ìwọ̀n mítà 10. Ẹ̀yin ará Ìgbájọ, ẹ má ṣe lo àpáta tí ó pọ̀ lẹ́yìnkùlé yín. Ọta a máa ta padà lára òkúta. Ẹ wọ awò ojú pẹ̀lú.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ìdúró ọkọ mi dára, èémí rẹ̀ balẹ̀, ìka rẹ̀ kò já apátí gbà mọ́. Síbẹ̀ gbogbo ọta rẹ̀ ń lọ sí ẹ̀gbẹ́ òsì ìwé. Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti ń wọ̀ ọ́ lára. Ó ti tún ń wo ọ̀nà rédíò. Ni mo bá ní kí ó na ọwọ́ méjèèjì, kí ó fi wọ́n ṣe ihò kékeré, kí ó sì wo igi ọsàn láti inú ihò náà. Ó di ojú òsì, igi pòórá. Ó di ọ̀tún, igi wà níbẹ̀. Ojú òsì ni aṣáájú ojú rẹ̀, èjìká ọ̀tún ni ó sì ń gbé ìbọn sí. Ẹ dán an wò fún ẹni tí ẹ bá fẹ́ kọ́, kí ẹ tó kọ́ ọ ní ohunkóhun mìíràn.

Mo ní kí ó gbé ìbọn sí èjìká òsì. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní òun kò lè fi òsì ṣe nǹkan níwájú ènìyàn. Ìyá rẹ̀, tí ó jókòó sábẹ́ òrùlé tí ó ń ṣa ẹ̀wà, kò gbé orí sókè. Ó ní, "Àlàó, nígbà tí o wà ní kékeré, òsì ni o fi ń gba oúnjẹ. Mo nà ọ́ títí o fi fi í sílẹ̀. Ọwọ́ ni mo nà, n kò na ojú rẹ. Gbé e síbi tí ìyàwó rẹ wí."

Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Mo tún gbogbo ìdúró tò ní òdìkejì, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún sí àmì, ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún sí ìbàdí. Ọta kẹrin wọ inú òbìrípo dúdú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo sọ ìtàn Margaret Murdock fún un, ará Amẹ́ríkà tí ó kópa nínú ìdíje Òlíḿpíìkì ní Montreal ní 1976. Orílẹ̀-èdè wa kò sí níbẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ti kó àwọn eléré wọn kúrò nítorí ọ̀rọ̀ New Zealand àti Gúúsù Áfíríkà. Tọkùnrin tobìnrin ni wọ́n jọ ń díje nígbà náà. Òun àti Lanny Bassham gba máàkì kan náà, 1162, ṣùgbọ́n òfin ìdíje gbé góòlù fún Bassham. Nígbà tí wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè wọn, Bassham fà á gòkè sórí àtẹ̀gùn tirẹ̀, àwọn méjèèjì sì jọ dúró síbẹ̀. Ní 1984 ni wọ́n tó ya ìdíje àwọn obìnrin sọ́tọ̀. Ọkọ mi gbọ́ ọ tán, ó ní kí n tún apá àtẹ̀gùn náà sọ.

Nísinsìnyí, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú àti Sátidé ni tiwa. A ń jiyàn, a ń rẹ́rìn-ín, a sì ń ka ihò. Ní Sátidé tí ó kọjá, ó ta márùn-ún tí ìdérí ìgò mínírà kan bo gbogbo wọn. Ìyá gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó fi ìka kan ihò kọ̀ọ̀kan, ó ní kí n bá òun kì í bọ abẹ́ ìrọ̀rí, pé àbúrò òun ń bọ̀ láti Ìkìrun lọ́jọ́ ọjà, òun yóò fi hàn án.