Ẹja Òjìjí àti Iná Inú Orí

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ọpọlọ ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú èdè wa ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dí i lọ́nà. Ọ̀rọ̀ náà ni iná.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí wọ́n ń ta láfún ní Èrúwà, ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lù. Apá ọ̀tún wọn rọ, ọ̀rọ̀ sì dàwátì lẹ́nu wọn. Kì í ṣe pé wọ́n yadi o. Bí a bá kí wọn, wọn yóò dáhùn. Wọn yóò ka ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀wá. Bí ọmọ-ọmọ bá kúnlẹ̀, oríkì yóò máa tú jáde. Ṣùgbọ́n bí òǹgbẹ bá ń gbẹ wọ́n, wọn kò lè pe omi. Wọn yóò la ẹnu, wọn yóò pa á dé, omijé yóò bọ́. Láti ọdún 1861 ni Paul Broca, oníṣègùn ará Faransé, ti fi hàn pé ibì kan ní apá iwájú ọpọlọ ni ọ̀rọ̀ sísọ rọ̀ mọ́. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa rẹ̀. N kò mọ̀ pé n óò rí i lójú ẹni tí ó pọ̀n mí.

Ọmọ wọn tí ó wà ní Amẹ́ríkà ló tẹ̀ wá láago pé ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ń rán iná díẹ̀ gba inú orí, tí ó lè ran irú wọn lọ́wọ́. Ilé pa lọ́lọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgbà, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Ẹ fẹ́ fi iná jó ìyàwó wa lórí? Ṣé wèrè ló ń ṣe é ni?"

Ẹ ò lè dá bàbá lẹ́bi. Iná tí a fi ń se ọbẹ̀ ni iná, èyí tí ó ń tan gílóòbù ni iná. Kódà, iná orí tí àwọn àgbà ń wí, kòkòrò inú irun ni. Bàbá sì ti gbọ́ nípa ìtọ́jú tí Cerletti àti Bini bẹ̀rẹ̀ ní Róòmù ní ọdún 1938, tí ń mú gìrì gbé aláìsàn. Ìtọ́jú gidi ni ìyẹn náà, a sì ń kun aláìsàn lóorun ṣáájú rẹ̀ lóde òní, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ lè tó 800 milliampere. Ti ẹ̀rọ kékeré yìí kò ju 1 tàbí 2 lọ.

Mo bi bàbá bóyá wọ́n ti fọwọ́ kan òjìjí rí. (Kì í ṣe òjìji tí ń tẹ̀lé ènìyàn nínú oòrùn, ẹja ni.) Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní nígbà èwe àwọn, ó kú apá àwọn tipiri nínú odò. Mo sọ fún wọn pé ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn, Scribonius Largus, oníṣègùn ará Róòmù, kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí a gbé irú ẹja bẹ́ẹ̀ tí ń gbé inú òkun lé orí ẹni tí orí ń fọ́. Òjìjí inú odò wa lè tu 350 volt jáde. Bátìrì kékeré ni ti ẹ̀rọ yìí, pẹ̀lú wáyà méjì àti kànìnkànìn pẹlẹbẹ méjì tí a rẹ sínú omi iyọ̀, tí a ó dè mọ́ orí fún nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú. Ara lè yún ènìyàn níbẹ̀, ó sì lè pọ́n díẹ̀.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an ló dùn mọ́ mi jù. Nitsche àti Paulus, ní Göttingen ní Jámánì, ló fi hàn ní ọdún 2000 pé iná díẹ̀ yìí ń yí bí ọpọlọ ṣe ń dáhùn padà. Kì í jí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tí ó sùn. Ó kàn ń mú oorun rẹ̀ fúyẹ́ ni, tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi tètè dáhùn bí a bá pè é. Nítorí náà, bí kò bá sí ẹni tí ń pè é, òfo ni. Ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ ni ìpè náà. Ní South Carolina, ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2018 kó aláìsàn 74 jọ, gbogbo wọn sì ń gba ẹ̀kọ́ yìí. Àwọn tí iná kàn lóòótọ́ pe orúkọ nǹkan dáadáa ju àwọn tí a kàn de ẹ̀rọ mọ́ lórí láìsí iná lọ. Fún ìbànújẹ́ ọkàn tí kì í lọ, ìwádìí kan ní Brazil ní ọdún 2017 fi hàn pé ó sàn ju ẹ̀tàn lọ, ṣùgbọ́n kò fi hàn pé ó tó oògùn.

Bàbá gbà. Inú mi dùn débi pé mo ṣi ẹnu sọ. Mo ní, "Wọn yóò sọ̀rọ̀." Kò sí ìwádìí kankan tí ó fún mi láṣẹ láti sọ bẹ́ẹ̀, mo sì rí i bí ojú Màmá ṣe tàn. Nígbà tí a bi dókítà, ó rán wa létí pé gìrì ti gbé Màmá lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn àrùn náà, kò sì fẹ́ kí a lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ nílé láìsí onímọ̀ nítòsí. A kò rà á mọ́. Èmi ni mo lọ sọ fún Màmá. Wọ́n yíjú sí ògiri.

Ẹ̀kọ́ náà la wá gbájú mọ́. Olùkọ́ ọ̀rọ̀ sísọ kan ní Ìbàdàn kọ́ ọmọ-ọmọ wọn bí yóò ṣe máa fi orin àti oríkì fa ọ̀rọ̀ jáde, ní ojoojúmọ́. Ní oṣù kẹta, ní alẹ́ ọjọ́ kan tí òkùnkùn ti kùn fún wákàtí mélòó kan, gílóòbù ṣàdédé tàn. Màmá na ọwọ́ òsì sí i, wọ́n ní, "Iná."

Bàbá Àgbà wò mí. Omi kò tíì jáde.