Kánópì Kì í Bu Nítorí Òjò

Kánópì àti àga ni màmá mi ń yáni, òun náà ló sì fi ń san owó ilé-ìwé mi. Ọ̀wọ̀ là ń gbé, àmọ́ àwọn oníbàárà rẹ̀ wà káàkiri títí dé Ìfọ́n, Ìdóàní àti Ùtè ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́. Ẹni tó bá ti náwó rí mọ̀ pé kánópì àti aṣọ funfun orí àga ni àlejò kọ́kọ́ ń rí. Bí àmì dúdú wẹ́wẹ́ bá ti jáde lára wọn, kò sí bí ìrẹsì ṣe lè dùn tó, olówó òde á ní wọ́n dójú ti òun. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀ gan-an, oníbàárà kan dá kánópì mẹ́rin padà láàárọ̀ ọjọ́ ìnáwó rẹ̀, ó sì gba gbogbo owó tó ti san. Mo wà nílé fún ìsinmi. Èmi àti màmá mi la jọ tú àwọn kánópì náà sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Òórùn tó jáde níbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ bèèrè.

“Ó ti bu” là ń sọ fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀, bí a ṣe ń sọ ọ́ fún búrẹ́dì tó ti pẹ́. Bíbélì Yorùbá lo ìmúwòdù, ọ̀rọ̀ tí èmi ò tíì gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni ní Ọjà Ọba. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá àkòrí fún iṣẹ́ àṣekágbá, ẹ gbọ́ o.)

Gbogbo ènìyàn ló ń dá òjò lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ kánópì lè dúró sínú òjò láti àárọ̀ dalẹ́, bí oòrùn bá sì yọ lọ́jọ́ kejì, kò sí nǹkan kan tó ṣe é. Èyí tí wọ́n ká ní tútù, tí wọ́n rọ́ sínú àpò, tí wọ́n sì jù sórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí, òun ló ń bu. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì péré, ó ti lè bẹ̀rẹ̀. Aṣọ kánópì fúnra rẹ̀ kọ́ ni ohun tó ń bu yìí ń jẹ, torí pé rọ́bà ló pọ̀ jù lára rẹ̀. Ìdọ̀tí orí rẹ̀ ló ń jẹ: eruku, òróró, ọbẹ̀ tó ta sí i. Aṣọ àga tí wọ́n fi òwú hun kò rí bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ òwú náà tán pátápátá. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni sítáàṣì. Àwa ń fi sítáàṣì sí aṣọ àga kó lè dúró dáadáa, a ò mọ̀ pé oúnjẹ là ń gbé kalẹ̀ fún un. Aṣọ tí a kò ní lò fún oṣù mélòó kan, kí a fọ̀ ọ́, kí a sá a gbẹ, kí a sì tọ́jú rẹ̀ láìfi sítáàṣì sí i.

Màmá mi fẹ́ lé àwọn ọmọkùnrin tó ń bá a gbé ẹrù lọ. Èmi kò gbà pé ọ̀lẹ ni wọ́n. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2020 tí àwọn agbébọn ti pa Olúfọ́n ti Ìfọ́n lójú ọ̀nà, kò sí ẹni tó fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá òun láàárín Ìfọ́n sí Ọ̀wọ̀. Bí aago márùn-ún bá ti lù, tí òjò sì ń rọ̀, ta ló máa dúró de kánópì kó gbẹ? Fífi í sílẹ̀ síbẹ̀ di ọjọ́ kejì náà ò ṣeé ṣe, olè á kó o. Nítorí náà, wọn yóò máa ká a ní tútù, kò sóhun tí a lè ṣe sí i. Ohun tó kù ni ohun tó máa ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọjọ́ Sunday tí gbogbo ayé ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Bàbá tó bí màmá mi ló là á yé wa. Àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n ní Ùtè. Tapólì tí wọ́n fi ń bo kòkó lálẹ́ ti pẹ́ ju ọjọ́ orí àbúrò mi lọ, kò sì bu. Láàárọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ gbọn omi rẹ̀ dànù, wọ́n á fi kọ́ sórí ọgbà kí abẹ́ rẹ̀ náà lè rí oòrùn. Wọ́n ní, “Ṣé ẹ lè di kòkó tútù sínú àpò ni?” Àwọn tó ń ra kòkó á gé hóró rẹ̀ wò. Tí èyí tó bu bá ju 3 lọ nínú 100, kò ní wọ ipò kìíní mọ́. Ọwọ́ ni Bàbá fi ń mọ̀ ọ́n. Wọ́n á rọ́ ọwọ́ sínú kòkó, wọ́n á gbọ́ bó ṣe ń dún. Ní ti kánópì, ojú ìránṣọ ni wọ́n ní ká fọwọ́ kàn, torí ibẹ̀ ló ń gbẹ gbẹ̀yìn.

Àwọn mẹ́rin yẹn ńkọ́? A kò fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbọ̀n wọ́n rárá, torí eruku rẹ̀ á fò wọ aṣọ mìíràn, á sì wọ imú. (Àbúrò mi ní ikọ́ fée, a lé e jìnnà.) A fi omi rin wọ́n, a fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ̀ wọ́n, lẹ́yìn náà la wá lo bílíìṣì: kò ju ife kan lọ nínú omi líta mẹ́rin. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a sì fi omi púpọ̀ ṣan án, torí tí bílíìṣì bá kù sí ojú ìránṣọ, á jẹ òwú rẹ̀. Aṣọ àga tó ń fà bíi rọ́bà, ẹ má fi bílíìṣì kàn án. Aládùúgbò wa kan ní ká fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kó lè yára mọ́. A kọ̀. Bílíìṣì àti ohun kíkan bí ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà, bí wọ́n bá pàdé, gáàsì chlorine ló ń jáde, irú èyí tí àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sílẹ̀ ní Ypres ní 1915. Ẹ̀yìnkùlé wa kì í ṣe ojú ogun.

Mẹ́ta mọ́ débi tí wọ́n fi padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀kẹrin, ohun tó ń bu náà ti kú lára rẹ̀, àmọ́ àbàwọ́n rẹ̀ kò kúrò. Bàbá ní kí wọ́n gé e fún àwọn, igi ìdáná ni wọ́n fi ń bò báyìí. Màmá mi kò lé ẹnikẹ́ni. Ó ra okùn, ó to pákó sílẹ̀ yàrá ẹrù kí àpò má bàa fara kan sìmẹ́ǹtì mọ́, ó sì ń san owó díẹ̀ lé e fún ẹni tó bá wá sá kánópì kí ṣọ́ọ̀ṣì tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn méjèèjì ti ń jà sí owó náà.