Ọjọ́ Kan ní Òṣogbo: Iṣẹ́ Ọnà Inú Ilé àti Ti Ẹ̀bá Ọ̀nà

Ẹ̀yin ìyá ọ̀dọ́, mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ni ó ti dé Òṣogbo rí. Ẹ bá wọn ṣe ìgbéyàwó níbẹ̀, tàbí ẹ lọ kí àna, ẹ ra iṣu lọ́jà, ẹ sì wọ ọkọ̀ padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí a bá bi àwọn ọmọ yín léèrè ohun tí wọ́n rí, ìrẹsì àti ẹran ni wọn yóò dárúkọ. Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ni pé kí ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ nígbà tí ilé-ìwé bá wà ní ìsinmi, kí ẹ mú àwọn ọmọ lọ sí ìlú náà nítorí iṣẹ́ ọnà nìkan. Láti Ìbàdàn, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 90 lọ. Bí ẹ bá tètè jáde, ẹ ó ti débẹ̀ kí oòrùn tó mú.

Ẹ má ṣe wí pé ohun àwọn ọ̀mọ̀wé ni, tàbí ti àwọn tí owó yọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ní ọdún 1962, Dúró Ládípọ̀, ẹni tí a mọ̀ mọ́ eré Ọba Kò So, sọ ilé ọtí rẹ̀ ní Òṣogbo di ibi tí a ti ń ṣeré, tí a sì ti ń fi àwòrán han aráyé. Mbari Mbayo ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari, ṣùgbọ́n etí Yorùbá gbọ́ ọ bí ẹni pé ẹnì kan ń wí pé bí òun bá rí i, òun yóò yọ̀. Níbẹ̀ ni Ulli Beier, àti Georgina Beier ní ọdún 1964, ti kó àwọn ọ̀dọ́ jọ fún ẹ̀kọ́ ọnà. Ta sì ni àwọn tí ó di olókìkí láti ìlú yìí? Jimoh Buraimoh ni ó ń bójú tó iná mànàmáná nínú ẹgbẹ́ eré Ládípọ̀. Múráínà Oyèlámì ń bá ẹgbẹ́ kan náà ṣeré. Oníjó ni Twins Seven-Seven, ó sì ti bá àwọn tí ń ta oògùn kiri rìn rí. Alágbẹ̀dẹ ni Aṣírù Ọlátúndé, bíríkìlà sì ni Adébísí Àkànjí. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òkè òkun lónìí.

Iṣẹ́ Àkànjí ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ wò, nítorí pé ẹ̀bá ọ̀nà ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà, a kì í sì í san kọ́bọ̀ láti wò ó. Nígbà tí ẹ bá ń lọ sí ọ̀nà igbó Ọ̀ṣun, ẹ ó rí ògiri tí a fi sìmẹ́ńtì ya ènìyàn àti ẹranko sí lára. Sìmẹ́ńtì tí a fi ń rẹ́ ilé náà ni! Ní àwọn ọdún 1960, ó ṣe irú ọgbà bẹ́ẹ̀ fún ilé epo pẹtiróòlù kan ní ìlú náà, tí ó fi jẹ́ pé awakọ̀ tí ó wá ra epo ń rí àwòrán láìrò tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ rìn lẹ́bàá ògiri náà wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe gùn ún. Sìmẹ́ńtì kì í ṣe òkúta: òjò ń jẹ ẹ́, gbòǹgbò igi sì ń là á. Àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí ń fẹ́ àtúnṣe lóòrèkóòrè, àtúnṣe sì ń náni lówó. Ohun tí ọmọ yín rí lọ́dún yìí, ó lè má bá a bẹ́ẹ̀ mọ́ nígbà tí òun náà bá ń tọ́mọ.

Ní ojú ọ̀nà Ìbòkun ni ilé Susanne Wenger wà, ẹni tí àwọn ará Òṣogbo ń pè ní Àdùnní Olórìṣà. Ìlú Graz ní ilẹ̀ Austria ni a ti bí i ní ọdún 1915. Ó dé Nàìjíríà ní 1950, Òṣogbo sì ni ó kú sí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, irú èyí tí àwọn Àgùdà kọ́ wa láti máa kọ́, ère sì kún inú rẹ̀.

Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tí ó bá a ṣiṣẹ́ ni wọ́n mọ àwọn ère ńláńlá inú igbó Ọ̀ṣun. Igbó náà tó hẹ́kítà 75, UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ohun ìní gbogbo ayé ní ọdún 2005. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín, Kristẹni tàbí Mùsùlùmí, kò ní fẹ́ wọ ibẹ̀. Èmi kò ní bá yín jà. Ibi ìsìn ni fún àwọn tí ń sìn níbẹ̀. Bí ẹ bá wọlé, ẹ wọlé bí àlejò tí a kọ́ dáadáa, kí ẹ sì tọrọ àyè kí ẹ tó ya fọ́tò ẹnikẹ́ni. Bí ẹ kò bá wọlé, ògiri ẹ̀bá ọ̀nà tó yín wò. Ṣùgbọ́n ẹ bá baálé yín jíròrò ọ̀rọ̀ náà kí ẹ tó kúrò nílé, kì í ṣe lẹ́nu géètì níwájú àwọn ọmọ.

Ẹ ó ti kíyè sí i pé, bí a bá yọ òyìnbó obìnrin méjì kúrò, ọkùnrin ni gbogbo àwọn tí mo dárúkọ. Kì í ṣe pé àwọn obìnrin Yorùbá kò ya àwòrán. Aṣọ ni wọ́n ń yà á sí. Fún àdìrẹ ẹlẹ́kọ, obìnrin a ro láfún bí ẹni ro ẹ̀kọ, a fi álọ́ọ̀mù sí i, a fi ìyẹ́ adìyẹ ya ọnà sórí aṣọ funfun, a jẹ́ kí ó gbẹ, kí ó tó rì í sínú aró lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, títí yóò fi dúdú bó ti yẹ. Ibi tí ẹ̀kọ bò, aró kò ní mú un. Ẹ wo Ìbàdàn Dùn, tí òpó gbọ̀ngàn Mápó àti ṣíbí wà nínú rẹ̀. Ẹ wo Ọlọ́ba, tí wọ́n yà nígbà tí ọba Gẹ̀ẹ́sì pé ọdún 25 lórí ìtẹ́ ní 1935. A mọ orúkọ bíríkìlà, a mọ ti alágbẹ̀dẹ. Ta ni ó mọ orúkọ obìnrin tí ó kọ́kọ́ ya ṣíbí sáàárín òpó Mápó? Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí.

Ìdí nìyí tí ilé ọnà Nike Davies-Okundaye fi wù mí ju gbogbo ìyókù lọ. Ọmọ Ògìdì ni, ní ìpínlẹ̀ Kogí òde òní, a sì bí i ní ọdún 1951. Ní 1983 ni ó dá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ ni ó ti kọ́ níṣẹ́ láìgba owó lọ́wọ́ wọn, obìnrin sì pọ̀ nínú wọn. Ibi yìí ni kí ẹ ti pẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ ra aṣọ, ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ojú kan ni a ń ya ẹ̀kọ sí, nítorí náà ẹ̀yìn ojúlówó ẹlẹ́kọ a máa dúdú jù ojú rẹ̀ lọ. Èyí tí ilé iṣẹ́ fi ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ a máa ràn bí ẹni pé ó ti ṣá. Ẹ wo ìlà rẹ̀ pẹ̀lú: ọwọ́ ènìyàn kì í ya ìlà méjì kí wọ́n bára dọ́gba pátápátá. Ayédèrú kò wọ́n, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wa bá ń ra ayédèrú, ta ni yóò rì aṣọ sínú aró lẹ́ẹ̀mẹ́fà? Ẹ má ṣe fi owó oúnjẹ ra àwòrán o. Ọ̀pá kan péré, bí a bá fi férémù sí i, ó sàn fún ògiri pálọ̀ ju òdòdó ọ̀rá tí eruku bò lọ.

Omi tútù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, òun nìkan, nítorí aró a máa ṣí. Òjìji ni kí ẹ sì sá a sí. Ní ti àwọn ọmọ, ní ọjọ́ kejì ẹ ro láfún díẹ̀, ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìyẹ́ adìyẹ àti àkísà, kí wọ́n ya ohun tí wọ́n rí ní Òṣogbo. Ẹ kọ́kọ́ tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ ná.