Òòlù Lára Ògiri Croydon

Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ti gbé London mọ Lunar House ní Croydon ju ààfin ọba Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti tò nítorí ìwé ìgbélùú, ẹni tó bá sì wà lórí ìlà ìmígíréṣọ̀n kì í ráyè wo ògiri. Èmi ń wò ó, torí ìdí ògiri ni mo ti ń jẹun. Iṣẹ́ àtúnṣe kankéré ni mo ń ṣe, pàápàá ti àwọn ilé ọ́fíìsì tí wọ́n kọ́ sí etí ìlú London kí ọdún 1975 tó pé.

Croydon kún fún wọn. Ní 1956, òfin kan fún ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ lágbára láti ra ilẹ̀ àárín ìlú, kí wọ́n sì fẹ títì lójú. Ní 1963, ìjọba tún dá àjọ kan sílẹ̀ tó ń rọ àwọn ilé iṣẹ́ pé kí wọ́n kó kúrò láàárín London. Ilé gíga bá ń yọrí. Lunar House àti Apollo House parí ní 1970, kété lẹ́yìn tí èèyàn tẹ òṣùpá. Orúkọ wọn ti sọ ọ́. Ọdún yẹn náà ni ilé alájà 24 tí ilé iṣẹ́ Richard Seifert ya àwòrán rẹ̀ parí nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin East Croydon. Nítorí igun ara rẹ̀, owó 50p ni ará ìlú fi ń pè é.

Àwọn tó kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ kánjú. Mo ti bá rọ́ọ̀dù tí kankéré tó bò ó kò nípọn ju ìka kan lọ. Sìmẹ́ǹtì máa ń dáàbò bo irin inú rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni afẹ́fẹ́ ń wọ kankéré díẹ̀díẹ̀, tó ń gba agbára yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá dé ìdí irin, tí òjò náà bá a níbẹ̀, irin á dípẹtà, á wú, á ti kankéré jábọ́ sójú títì.

Àwọn tó ṣáájú wa, yanrìn àti sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi ń dí ihò, wọ́n á kùn ún lọ́dà, wọ́n á gbowó. Irin ṣì ń jẹrà lábẹ́ ọ̀dà. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í fara mọ́ ìyẹn. Òòlù ló fi máa ń kan ògiri látòkè délẹ̀, á sì tẹ́tí: èyí tó ti kú a máa dún bí òfìfo agbè. A ó gbẹ́ ibẹ̀, a ó fín oògùn phenolphthalein sí i. Ibi tó bá di píǹkì ṣì yè. Ibi tí kò bá yí padà, gbígbẹ́ ló kù. Lónìí a tún ń so sínkì mọ́ irin, kí ìpẹtà máa jẹ ìyẹn dípò rẹ̀. Èyí tó le jù ni kí àtúnṣe bá ògiri àtijọ́ mu ní àwọ̀ àti òkúta. Bíríkìlà lásán kò lè ṣe é.

Centre Point, iṣẹ́ Seifert kan náà láàárín London, gba ààbò òfin ní 1995. Ti etí ìlú kì í tètè rí ojúure bẹ́ẹ̀. Taberner House, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Croydon, kò pé àádọ́ta ọdún tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í wó o ní 2014. Láti 2013 ni òfin Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ kí onílé sọ ọ́fíìsì di ilé gbígbé láìgba ìyọ̀ǹda tó gùn. Wọ́n ń yọ fèrèsé, wọ́n ń bo ògiri, wọ́n ń gé inú rẹ̀ sí yàrá tóóró, kó tó di pé òfin fi ìwọ̀n sí bí ilé ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ní 2021. Àwọn kan ní ìyẹn náà ni ìpamọ́. Èmi ò gbà. Eegun ilé nìkan ló kù.

Ẹ̀yin tí ilé irú wọn wà lọ́wọ́ yín ní Ìbàdàn àti Èkó, ẹgbẹ́ kan náà ni àwọn ilé Croydon yìí àti Cocoa House tó parí ní 1965. Kí ẹ tó fi ọ̀dà bo ibi tí ògiri ti là, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ ní kí ẹnì kan fi òòlù kàn án.